Èéjí Ìbùkún Ti Ń Pa Dé

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àfojúsọ́nà wa. Mo kúnlẹ̀ kí ẹ̀yin àti Bàámi láti Kánádà níbí. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú ti ń pè mí ní ọmọ wọn, owó tí mò ń gbà sì ń tó wa jẹun. Òtútù nìkan ni kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. N kò tíì mọ ojú ẹni tó ń gbé ilé kejì sí wa, nítorí náà, èmi ni mo máa ń kí ara mi káàárọ̀ nínú dígí.

Ọ̀rọ̀ eyín Ìbùkún ọmọ mi ló jẹ́ kí n kọ̀wé, torí lórí fóònù ẹ kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ délẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé e sínú ìwé ìròyìn, kí àwọn màmá míì tó ní ọmọ-ọmọ lókè òkun lè bá yín kà á.

Ẹ rántí pé eyín òkè rẹ̀ há, inú tìsàlẹ̀ ló ń wọ̀ bó bá pa ẹnu dé. Dókítà eyín ní àjà ẹnu ọmọdé ṣì dà bí awẹ́ obì méjì tí kò tíì lẹ̀ pọ̀ tán, pé a lè fẹ̀ ẹ́ báyìí, kó tó gan. Ó so irin kékeré kan mọ́ àwọn eyín ńlá inú lọ́hùn-ún, ó sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́ tín-ín-rín tí mo fi ń yí i díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kí irin náà lè máa fẹ̀. Ìbùkún ní ó ń fún òun dé ìdí imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, síbẹ̀ mo ń yí i.

Bí egungun àjà ẹnu rẹ̀ ṣe ń là ni àlàfo yọ láàárín eyín iwájú rẹ̀. Òun lẹ rí lórí fóònù tí ẹ fi ní ìyá yín tó ti dolóògbé ti padà wá, pé èéjí wọn rèé. Kí n tó ṣàlàyé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìsinmi, ẹ ti gbé iṣu lọ dúpẹ́ níwájú pẹpẹ ní Ùsò. Màmá, irin lẹ dúpẹ́ lé lórí o! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Dókítà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé egungun tuntun máa dí àárín náà, àwọn eyín á sì rìn padà sọ́dọ̀ ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Àwọn eyín ńlá tẹ̀ síta díẹ̀, dókítà ń ṣọ́ ìyẹn, irin náà sì ṣì wà níbẹ̀ kí egungun lè gbó. Ṣùgbọ́n eyín òkè ti bo tìsàlẹ̀, ọmọ mi sì ti ń pa ẹnu dé sùn. Inú mi dùn gan-an.

Inú Ìbùkún ni kò dùn. Ó ń fi ahọ́n wá èéjí yẹn kiri, ó sì ń fọwọ́ bo ẹnu bí mo bá ní ká pè yín. Lánàá ó bi mí pé, “Mọ́mì, tí èéjí mi bá tán, ṣé Màmá Ùsò ṣì máa mọ̀ pé èmi ni?”

Màmá, ẹ ò ṣẹ̀, ìfẹ́ ló pọ̀. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó fọwọ́ ara yín gbé ọmọ Ìbùkún jó. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti ará ìjọ tó bá yín dúpẹ́. Bí a bá pè yín lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wo ẹnu rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi oríkì rẹ̀ pè é, Àjọkẹ́, kí ẹ sì máa kì í lọ títí yóò fi gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu fúnra rẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀dé