Ẹ Má Ṣe Tú Ẹja Sómi ní Orúkọ Mi

Èmi Rigzin Namtak, ti ilé Gongma ní abúlé Yarchutsan, lórí òkè Changthang nílẹ̀ Ladakh, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò mọ̀wé. Ẹlòmíràn ló ń bá mi kọ ọ́, ṣùgbọ́n orí mi ló ti ń wá, orí náà sì pé. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, kì í ṣe ọpọlọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ lẹ́yìn mi pé arúgbó ń ṣàrán, kó lọ bi àwọn ewúrẹ́ mi. Mo ṣì ń fi orúkọ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń dá mi lóhùn.

Ìwé ìhágún yìí wà fún ọmọ mi méjèèjì, Motup ọkùnrin àti Nilza obìnrin. Urgyan tí ògiri ilé wa kan ara ni mo fi ṣe alábòójútó, kó rí i pé ohun tí mo wí di ṣíṣe.

1. Mo fi ilé àti oko ọkà báálì fún Motup. Òrùlé ń jò lápá ibi tí a ń kó igbẹ́ ìdáná sí. Ó ti pẹ́ tí Motup ti ń sọ pé òun máa tún un ṣe. Ó ti di tirẹ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó.

2. Kí àwọn ọmọ mi pín ewúrẹ́ dọ́gba. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa òbúkọ dúdú tó ń tiro. Àwa méjèèjì la jọ di arúgbó. Kí Urgyan mú màlúù onírun gígùn. Lọ́dọọdún ló ń yá a, kì í rántí dá a padà, kí ẹranko náà kúkú sinmi ìrìn.

3. Ìsun omi gbígbóná, adágún tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àti ọlọ tí omi náà ń yí, mo fi gbogbo rẹ̀ fún Nilza. Motup, má bínú. Ìwọ fúnra rẹ á rí ìdí rẹ̀ níwájú.

4. Adé ìyá wọn, tí a to òkúta aláwọ̀ ewé-òféfèé sí láti iwájú orí dé ẹ̀yìn, ti Nilza ni. Ó ti yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Nílẹ̀ wa, adé kì í ti ọ̀dọ̀ ìyá lọ síbòmíràn ju ọ̀dọ̀ àkọ́bí obìnrin lọ. Èmi ni mo tì í mọ́ inú àpótí. Gbogbo abúlé mọ̀ pé mo tì í. Wọn ò mọ ohun tó fà á, wọ́n rò pé ìbínú ni. Ọkùnrin tí ojú ń tì á máa ṣe bí ẹni ń bínú, nítorí ìyẹn rọrùn jù.

Ìgbà òtútù ni Padma Lhadol ìyàwó mi kú. Tó bá di ọjọ́ kọkàndínláàádọ́ta tí òkú ń wá ọ̀nà ibi tó ń lọ, a máa ń ṣe oore ní orúkọ rẹ̀ kí ọ̀nà lè mọ́lẹ̀ fún un. Kò sì sí oore tó ju pé kí ènìyàn gba ẹ̀mí là lọ. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń sin ẹja tà. Gbogbo ẹja tó wà nínú agbada omi rẹ̀, tí ọ̀bẹ ń dúró dè, ni mo rà pátá. Mo gbé wọn wálé nínú agolo wàrà. Mo tú wọn sínú adágún wa tí yìnyín kì í bò. Àwọn mọ́ńkì ń kàwé, àwọn ènìyàn ń sunkún. Mo rò pé mo ṣe bẹbẹ.

Nilza nìkan ló tẹjú mọ́ omi. Ó ní, “Bàbá, ẹja yìí léyín o. Kí ni wọ́n máa jẹ níbí?”

Mo dá a lóhùn lójú gbogbo ènìyàn: “Ṣé kí n dá wọn padà sínú epo gbígbóná ni? Ìyá rẹ ń gbọ́ ẹ o!”

Ó ní, “Ẹja Màámi ni wọ́n máa jẹ.” Ó yí padà, ó ń lọ sílé ọkọ rẹ̀.

Ẹja Màámi tó wí ni àwọn kékeré onírungbọ̀n tó ń gbé abẹ́ òkúta. Wọn ò ní ìpẹ́, wọn ò gùn ju ìka lọ. Nígbà tí òtútù bá ń la òkúta, tí ẹran ń kú dúró, àwọn yẹn á máa ṣeré nínú adágún. A gbà pé ti Lú ni wọ́n, ẹ̀mí tó ni omi, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn wọ́n. Padma a máa fọ́n ìyẹ̀fun báálì sí i, á ti ọwọ́ bọ omi, wọn á wá máa mu ìka rẹ̀ bí ọmọ ọmú. Á wá pè mí: “Bàbá Nilza, ẹ wá wo àwọn àlejò mi! Irungbọ̀n wọn mà dára ju tiyín lọ.” Òótọ́ ni. Irun mélòó ló wà lágbọ̀n mi?

Ẹ̀ẹ̀rùn kejì kò tíì parí tí ọ̀rọ̀ Nilza fi ṣẹ. Àwọn ẹlẹ́yín sanra, wọ́n gùn tó apá mi. Onírungbọ̀n kò sí nínú adágún mọ́. Ìwọ̀nba tó kù ti sá gòkè lọ sí ojú ìsun gan-an, níbi tí omi ti gbóná débi pé mi ò lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹlẹ́yín kò lè fara da ibẹ̀. Àwọn onírungbọ̀n há sẹ́yìn òkúta méjì. Òtútù ò pa wọ́n, òkè gíga ò pa wọ́n. Oore mi ló lé wọn sínú omi gbígbóná.

Àwọn ènìyàn sì ń yìn mí. Motup kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sára pátákó, ó rì í mọ́ etí omi. Ará abúlé mìíràn ń wá gbàdúrà níbẹ̀. Wọn á ní, “Bàbá, irú ọkọ báyìí ṣọ̀wọ́n.” Èmi á mi orí bí ẹni tí ìyìn náà tọ́ sí. Nígbà ọdún tuntun kan, Nilza dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, ó rí mi bí mo ṣe ń mi orí. Kò wọlé. Látìgbà náà, ẹnu ọ̀nà ló ti ń kí mi.

5. Láti ibí, ọwọ́ tó ń kọ̀wé yí padà. Mọ́ńkì Lobzang, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ló ń kọ ọ́ bọ̀. Nígbà tó gbọ́ èyí tó kàn, ó gbé gègé sílẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ọwọ́ tí mo fi ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà kò lè kọ ìyẹn.” Mo ní kó jẹ́ kí ọwọ́ náà sinmi, kó mu tíì rẹ̀. Ó mu ún. Kò dìde lọ. Kunzes Angmo, olùkọ́ àwọn ọmọ wa, ló gbà á kọ.

Ohun tí mo wí nìyí. Ní ọjọ́ kọkàndínláàádọ́ta mi, ẹ má ṣe tú ẹja kankan sómi ní orúkọ mi. Ẹ dín omi adágún kù, ẹ wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀n, kí ẹ kó gbogbo ẹlẹ́yín kúrò. Ẹ má ṣẹ́ ọ̀kan kù nítorí pé ó lẹ́wà. Ẹ má dà wọ́n sódò, onírungbọ̀n wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ẹlẹ́yín náà máa kú. Mo mọ ohun tí mo ń sọ. A kì í jẹ ẹja, a kì í pa ẹja, èmi sì ni mo ń pa á láṣẹ.

6. Kí Motup fa pátákó náà tu. Igi rẹ̀ le dáadáa. Òun ni kí ẹ fi dí ẹnu ibi tí omi ti ń wọ inú adágún, títí ẹ ó fi kó wọn tán.

7. Gbogbo ohun ìní mi ni mo ti pín. Ẹ̀ṣẹ̀ pípa ẹja yìí nìkan ni mi ò pín fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ẹ máa di àwọ̀n mú, ṣùgbọ́n èmi ni mo pa wọ́n. Kí ẹnì kan ka ẹsẹ yìí sókè létí omi kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó tutù. Bí ọ̀nà mi yóò bá ṣókùnkùn nítorí rẹ̀, kó ṣókùnkùn.

8. Nilza, tí àwọn onírungbọ̀n bá sọ̀ kalẹ̀ padà, mú ìyẹ̀fun báálì lọ. Mi ò ní kí o dárí jì mí. Ṣáà ti ọwọ́ bọ omi.

Mo tẹ àtàǹpàkò mi síbí, ní Yarchutsan, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá, ọdún 2016.

Rigzin Namtak, àtàǹpàkò ọ̀tún.

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Kunzes Angmo, olùkọ́, ẹni tó kọ ọ́ parí.
Lobzang, mọ́ńkì, ẹni tí kò lè kọ ọ́, tí yóò kà á létí omi.