Ọjọ́ Méjìlá Tí A Fẹ́ Lò ní Ítálì

                                        Ilé Aláṣọ, Òpópó Ọjà,
                                        Erunmu,
                                        Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Òkúdu, 2025.

Ìtùnú, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Báwo ni iṣẹ́, báwo ni ara? Ìyá àgbà tí ò ń tọ́jú ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbà fún wọn láti rìn dé ẹnu ọ̀nà? Nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, o ní wọ́n ti gé orúkọ rẹ kù sí "Tunú", pé wọ́n sì ń pè é bí ìgbà tí èèyàn ń lé adìẹ. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín sí i. Mo gbà pé òtútù ti kúrò nílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, pé o ti ká ẹ̀wù onírun yẹn sínú àpótí.

Níbí, a dúpẹ́. Iléyá lọ ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀. Mo gbé ẹran dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ ní Alakia ní ọjọ́ kejì ọdún. Ara wọn le. Ìta ni mo bá wọn, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Wọ́n ní kí n kí ọ, wọ́n sì ní ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí o ò pè. Pè wọ́n, jọ̀wọ́. Òjò ń rọ̀ dáadáa ní Erunmu, àgbàdo àwọn aládùúgbò wa sì ti ń yọ irùkẹ̀rẹ̀.

O máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo fi ń kọ ìwé nígbà tí fóònù wà. Ó ti rẹ̀ mí ni, Ìtùnú. Bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù, ohùn mi á gbọ̀n, ìwọ náà á máa bẹ̀ mí kí n má sunkún, ọ̀rọ̀ ò sì ní parí. Nítorí náà mo mú bírò, mo sì jókòó sínú kíláàsì mi lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ sílé. Bí mo bá kọ ọ́ tán, màá ya fọ́tò rẹ̀, màá sì fi ránṣẹ́ sí ọ. Kà á parí kí o tó pè mí.

Ọ̀rọ̀ náà dá lórí ìrìn àjò wa, àti ìwé ìpè tí o fọwọ́ sí fún wa.

Ìwọ mọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọdún keje rèé tí wọ́n so yìgì èmi àti Roheem. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni bàbá rẹ̀ kú, inú ilé ọ̀fọ̀ ni mo ti ṣe ìyàwó tuntun. Láti ìgbà náà la ti wà nínú agboolé yìí pẹ̀lú ìyá rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá wa. Ilé dára, èèyàn ibẹ̀ dára, ṣùgbọ́n mi ò rántí ọjọ́ kan tí èmi àti ọkọ mi jókòó jẹun tí ẹnìkan ò kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó fẹ́ yá ọbẹ ni, ẹni tó fẹ́ kí n bá òun ka ohun tí wọ́n kọ sórí fóònù òun ni, àbí ọmọ tó ń sunkún. Kódà bí a bá fẹ́ jà, wúyẹ́wúyẹ́ la ń jà á. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí o ní kí àwa méjì wá lo ọjọ́ méjìlá ní Ítálì nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, pé ìwọ lo máa kọ ìwé ìpè, ìwọ lo máa dúró fún wa.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi tò ó. Mo mú káàdì-bóòdù tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ, mo ya Ítálì sí i bíi bàtà onígigísẹ̀, mo fi bírò pupa fa ọ̀nà tí a máa gbà. Ọjọ́ mẹ́ta ní Róòmù. Lẹ́yìn náà, kí a wọ ọkọ̀ ojú irin wá sọ́dọ̀ rẹ, kí a sinmi láàárín àwọn òkè Úmbríà tí o máa ń fi fọ́tò wọn ránṣẹ́. Kí a gba Tọ́skánì kọjá, níbi tí o ní ọgbà àjàrà ti ń lọ títí dé ibi tí ojú mọ. Kí a wá parí rẹ̀ sí Fẹ́nísì, kí èmi àti ọkọ mi jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ wá, tí ẹnikẹ́ni ò ní pè mí ní Àǹtí Tíṣà. Mo wá ilé ìtura tí kò wọ́n. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ tí kò ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Mo tilẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn láàárọ̀. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tí gbogbo ara ń ro mí, àwòrán yẹn ni mo máa ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, màá sì máa wò ó.

Roheem kì í sọ púpọ̀ sí i. Á wò ó, á ní ó dára. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń béèrè ni bóyá a lè yà sí apá gúúsù, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Púlíà. Mo ní kí ló wà níbẹ̀. Ó ní òun gbọ́ pé ibẹ̀ lẹ́wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló béèrè. Mo bi ìwọ náà, o sì sọ pé ibẹ̀ lẹ́wà lóòótọ́, pé òkun wà níbẹ̀ àti oko tòmátò lọ súà, ṣùgbọ́n pé ó jìnnà sí ọ̀nà wa. Mi ò ro nǹkan kan sí i. Ẹlẹ́ja ni ọkọ mi, ọmọ oko ni. Mo rò pé oko ló wù ú wò.

Àwọn tó ń gba ìwé físà ní Èkó ti dá ọjọ́ fún wa, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí. Lára ohun tí wọ́n ń béèrè ni ẹ̀rí pé èèyàn ní ohun tó máa fà á padà wálé. Ọ̀gá ilé ìwé wa ti kọ tèmi. Ti Roheem ló kù, ìyẹn ìwé ilẹ̀ adágún méjèèjì tó fi ń sin ẹja àrọ̀. Lónìí, á ní òun gbàgbé rẹ̀. Lọ́la, á ní ó wà lọ́dọ̀ lọ́yà. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, tí ìjọba fún wa ní ìsinmi, mo ní kí n ràn án lọ́wọ́. Mo gba ọ̀nà oko lọ bá Bọ̀dá Gàfárù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni adágún wọn wà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì jọ ra ilẹ̀. Mo rò pé wọ́n á ní ẹ̀dà ìwé náà.

Wọ́n ń da oúnjẹ sómi fún ẹja nígbà tí mo débẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sọ ohun tí mo bá wá. Wọ́n wò mí.

"Ìyàwó mi, ìwé wo tún ni? Ṣebí Roheem ti kó o fún mi nígbà tí mo ra adágún lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo ní, "Ẹ ra kí ni?"

"Adágún náà. Mo rò pé ẹ jọ sọ ọ́ ni. Ó ní ẹ ò ní padà wá mọ́, pé ẹnìkan ti bá òun wá iṣẹ́ sí oko tòmátò níbẹ̀, pé tí ara bá ti mọlé, ìwọ náà á rí ṣe." Wọ́n gbé igbá oúnjẹ ẹja sílẹ̀. "Àbí o ò mọ̀?"

Mo ní mo mọ̀, pé mo kàn gbàgbé ni. Mi ò mọ ohun tó mú mi pa irọ́ yẹn. Ojú ló tì mí. Láti ìgbà ọyẹ́ ni ọkọ mi ti ń jí lọ síbẹ̀ láràárọ̀, èmi náà á di oúnjẹ fún un, èmi ò mọ̀ pé iṣẹ́ Bọ̀dá Gàfárù ló ń lọ ṣe. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ lóòótọ́.

Roheem ti lọ sí Akanran lọ́jọ́ náà. Mi ò dúró dè é nílé, nítorí ilé wa kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo lọ dúró sórí afárá tó wà lẹ́nu àbáwọlé ìlú. Oòrùn ń mú. Nígbà tí ó rí mi, ó dá ọ̀kadà rẹ̀ dúró, ó ní ṣé kò sí.

Mo ní, "Ẹ ti ta adágún."

Ìwọ mọ̀ pé iwájú àwọn ará ilé nìkan ni mo ti máa ń pè é ní ẹ. Bí ó bá ku àwa méjì, o ni mo máa ń pè é. Mo rò pé ẹ yẹn ló kọ́kọ́ gún un. Kò sẹ́. Ó pa ọ̀kadà, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá.

"Ó rẹ̀ mí, Kifayah," ló wí. "Nígbà tí àgbàrá ya wọlé lọ́dún tó kọjá, inú omi ni mo dúró sí tó dé ìbàdí, mò ń wo ẹja tí mo fi oṣù mẹ́fà tọ́ tí wọ́n ń gba orí ògiri lọ. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ wọn wá wọ́n ju àwọn fúnra wọn lọ. Mi ò rí ibi tó ń lọ mọ́."

"Èmi ńkọ́?"

"Mo fẹ́ sọ fún ọ tí a bá ti débẹ̀."

"Ìyá wa ńkọ́?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà lọ́wọ́.

"Ìtùnú tó fọwọ́ sí ìwé pé a máa padà ńkọ́? Òun ni wọ́n máa wá lọ bá."

"Ọ̀rẹ́ rẹ ni," ló wí. "Á yé e."

Ìtùnú, ibẹ̀ yẹn ló dùn mí jù. Mo mọ iye ọdún tí o fi wá ìwé ìgbélùú rẹ, mo mọ iye òru tí o fi jókòó ti aláìsàn kí wọ́n tó fọkàn tán ọ. Mo wá ń ronú oṣù mẹ́rin tí a jọ fi wo bébà kan ṣoṣo, èmi ń wá ibi tí a máa ti di ara wa lọ́wọ́ mú, òun ń wá ojú ọ̀nà oko tòmátò. Mi ò sì lè sọ pé mi ò mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀. Mo kàn rò pé ìsinmi ló máa wò ó sàn. Òun rò pé àìpadà ni.

Mo sọ fún un lórí afárá yẹn pé mi ò ní bá a dé Èkó lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Mo sì ní kí ó sọ fún ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àràárọ̀ ni Ìyá wa máa ń bi mí pé ọjọ́ mélòó la máa lò. Bí mo bá ní méjìlá, wọ́n á kà á lórí ìka, wọ́n á ní kò pọ̀, pé àwọn á máa ṣí fèrèsé yàrá wa kí ó má baà bu. Láti Ọjọ́bọ̀ yẹn, ó ń ṣe mí bíi pé èmi náà ń purọ́ fún wọn ni.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun alásárì, ó lọ jókòó ti ìyá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mò ń ṣa ẹ̀wà. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi èyíkéyìí pa mọ́. Mo ń retí kí wọ́n bú u, tàbí kí wọ́n ké. Wọ́n kàn bi í pé, "Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Ó ní rárá.

"Bí ó bá wù ọ́ láti lọ, máa lọ. Ọmọ tó lọ sájò kò kú. Ṣùgbọ́n dágbére fún mi. Bàbá rẹ sùn lọ́sàn-án, kò jí, kò sọ nǹkan kan fún mi. Má ṣe é sí mi lẹ́ẹ̀kejì."

Ọkọ mi sunkún. Ọdún keje rèé, mi ò rí i kí ó sunkún rí, kódà lọ́jọ́ tí àgbàrá gbé ẹja lọ. Mi ò jáde lọ bá a. Mo ń ṣa ẹ̀wà mi lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, òun fúnra rẹ̀ pe àwọn ará Èkó, ó ní kí wọ́n fagi lé ọjọ́ wa. Ó tún lọ bá Bọ̀dá Gàfárù. Wọ́n ní ẹja àwọn ti wà nínú omi, ó di ẹ̀yìn ìkórè kí àwọn tó mọ̀ bóyá àwọn lè dá adágún kan padà fún un. Títí dìgbà náà, alágbàṣe ni lórí ilẹ̀ tó ti jẹ́ tirẹ̀ rí. Ó ń lọ. Ó ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń lọ.

Mo bẹ̀ ọ́, fa ìwé ìpè yẹn ya. Mo mọ̀ pé o ti gbàyè ọjọ́ mélòó kan lẹ́nu iṣẹ́ nítorí wa, pé o ti bá àwọn ọmọ ìyá àgbà sọ ọ́ kí wọ́n yọ̀ǹda yàrá òkè. Ojú rẹ ń tì mí. Má jẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, sọ fún wọn pé físà ni kò bọ́ sí i. O máa fẹ́ béèrè bóyá mo máa kúrò nílé Roheem. Rárá. Ṣùgbọ́n mi ò tíì lè bá a rẹ́rìn-ín. Mò ń dáná, ó ń jẹun, a ń kí ara wa kú ìrọ̀lẹ́. Bó ṣe rí nìyẹn fún ìsinsìnyí, mi ò sì ní okun tí mo lè fi sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Bá mi kí ìyá àgbà rẹ. Kí Jacob, ẹ̀gbọ́n rẹ, bí ó bá pè ọ́, sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ti gba ẹrù tí mo fi ránṣẹ́. Máa jẹun dáadáa, má jẹ́ kí iṣẹ́ pa ọ́.

Ohun kan ló kù. Roheem ní òun máa pè ọ́ lọ́jọ́ Àìkú láti tọrọ àforíjì. Èmi kọ́ ni mo rán an. Jọ̀wọ́, gbé fóònù náà. Kò mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ó máa kọ́kọ́ bi ọ́ bóyá òjò ń rọ̀ níbẹ̀, ó máa béèrè irú ẹja tí wọ́n ń jẹ, ó máa béèrè ohun tí o ti dá a lóhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Má já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, má sì bá a sọ ọ́. Jẹ́ kí ó máa rìn yí ká. Á débẹ̀.

                                        Èmi náà ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
                                        Kifayah.