Ẹsẹ̀ Bàbá Láwàlì

Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án
Mo wọn egbò Bàbá Láwàlì ní kíliníìkì wa n'Íbàfò. Kò dín. Ó tún fẹ̀ sí i ni. Gbogbo àwọn tó kù tí mo ń fi ìpara oyin tọ́jú egbò ṣúgà wọn, tiwọn ń kéré sí i. Ti Bàbá nìkan ló takú, ní àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún níbẹ̀ yẹn. Ṣúgà rẹ̀ ti wálẹ̀. Kì í fo oògùn. Kí ló wá dé? Ìwádìí yìí ni mo sì fẹ́ fi gboyè.

Ọjọ́bọ̀, 4
Dókítà ní tí kò bá yí padà, àwọn á gé ẹsẹ̀ náà. Bàbá rẹ́rìn-ín. Fàsílátù, ọmọ rẹ̀, ló sunkún.

Ẹtì, 5
Mo lọ sílé wọn láìsọ tẹ́lẹ̀. Télọ̀ ni Bàbá — mo mọ̀ — àmọ́ mi ò tíì bá a lẹ́nu iṣẹ́ rí. Ó jókòó sídìí máṣíìnì, ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí pẹ́dà, ó ń tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan. Àsìkò ìwọléèwé ni, aṣọ àwọn ọmọ iléèwé kún ilẹ̀.
Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ tó légbò náà kọ́ lẹ fi ń tẹ̀ ẹ́ yìí?"
Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, kò dùn mí rárá. Ohun tí ò dunni, ṣé ó tún lè máa pani lára?"
Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ṣúgà ti pa ẹsẹ̀ náà, kò mọ ìrora mọ́. Ẹran tuntun tó bá hù lóru, pẹ́dà á tẹ̀ ẹ́ pa lójúmọmọ. Mo ní kó sinmi. Ó ní ta ni yóò wá máa bọ́ àwọn.

Àìkú, 7
Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ìwàásù.

Ajé, 8
Mo rí Ọ̀gá Rúlà — Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúgbádé tó ń darí ìwádìí mi. Kò sí ohun tí kì í wọ̀n. Ó ní tí mo bá gba máṣíìnì lẹ́sẹ̀ Bàbá, a ò ní mọ̀ bóyá ìpara ló wò ó sàn. Àfi ká yọ ọ́ kúrò nínú ìwádìí. Tí a bá sì yọ ọ́, iye èèyàn tí ìwádìí nílò ò ní pé mọ́, oyè di ọdún tó ń bọ̀. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ dìgbà tí oṣù bá parí.
Mo ní, "Sà, ẹsẹ̀ yẹn lè má rí ìparí oṣù."
Ó ní ó kù sọ́wọ́ mi.
Mo ti pinnu kí n tó dìde lórí àga.

Àbámẹ́ta, 13
Ifọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ Màámi, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí, ṣì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi Kòfowórọlá. Mo ṣàlàyé. Ó ń fọwọ́ pa á lára títí. Mo rò pé kò ní gbà. Ó wá ní, "Gbé e lọ. Ṣùgbọ́n sọ fún bàbá náà pé èèyàn ló ni ín."

Ìṣẹ́gun, 16
Mo gbé ẹ̀rọ náà fún wọn. Fàsílátù ń yí i, Bàbá ń darí aṣọ. Kọ́là ọrùn aṣọ àkọ́kọ́ wọ́. Ó bú ẹ̀rọ. Kò bú mi.

Ọjọ́rú, 24
Ọyún. Òórùn. Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà tó kéré jù. Mo sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo bọ́jú, mo padà lọ dì í. Bàbá ní, "Ṣé a ò ní dáwọ́ dúró?" Mo ní rárá.

Ajé, 20 Oṣù Kẹwàá
Ẹran pupa, tó ń dán, láti etí egbò wọlé. Mi ò fẹ́ tètè yọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kọkànlá
Mo ti ń wá ẹlòmíràn fún ìwádìí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ báyìí: iṣẹ́ wo lẹ ń fẹsẹ̀ ṣe?
Bàbá Láwàlì àti Fàsílátù wọlé láàárọ̀ yìí. Mo tú báńdéèjì. Awọ ti bò ó, ó rọ̀ bí awọ ọmọ ìkókó. Mo gbé rúlà — kò sí nǹkan tó kù láti wọ̀n. Fàsílátù dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì bí ọkùnrin.
Kò sí nínú ìwádìí mi mọ́, n kò lè ròyìn rẹ̀ níbẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí: egbò náà jinná.