Ohun Tí Mo Sọ Fún Dókítà

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gáríbì

Màámi ti kẹ̀yìn sí mi. Wọ́n kọjú sí ògiri.

Èmi ni mo máa ń túmọ̀ fún wọn lọ́sibítù, torí wọn ò gbọ́ Faransé. Lónìí dókítà béèrè bóyá wọ́n ń lo nǹkan mìíràn sí jẹjẹrẹ ọmú yẹn. Màámi ní, "Sọ fún un pé rárá."

Mo wo ọwọ́ wọn tó ti rù. Mo bá sọ òótọ́ ní Faransé: wọ́n ń mu hàǹtú, omi tí Alfa fi ń fọ wàláà, wọ́n sì ń mu àgbo tí Ìyá Ràmọ́tà, aláṣọ àdúgbò Dar es Salam níbí, ń sè fún wọn.

Dókítà ní hàǹtú ò burú, àmọ́ àgbo yẹn àti oògùn òun lè ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́. Ó ń mi orí bí ẹni tó gbà. Màámi rò pé ó ti gba irọ́ tí wọ́n ní kí n pa gbọ́. Nínú takisí, àdúà ni wọ́n ń ṣe fún mi. Ó dùn mí ju èébú lọ.

A délé, wọ́n gbé ife àgbo. Mo pariwo, "Màámi, ẹ má mu ún! Dókítà ní ó máa ba ẹ̀dọ̀ yín jẹ́!"

"Ta ló sọ fún un?"

Mo wolẹ̀. Wọ́n mu ún tán.

"Má yọ ara ẹ lẹ́nu mọ́. Nígbà tó ń bọ̀, Ìyá Ràmọ́tà ló máa bá mi lọ. Òun náà gbọ́ Faransé."