Àjákù Kúbúsù Tí O Fi Ránṣẹ́

                                        Ilé Michaud,
                                        Ọ̀nà Odò, Frenchville,
                                        Maine.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kejìlá, 1980.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Lucien,

Mo kí ìwọ àti gbogbo ilé, ẹ kú òtútù o. Ìyàwó rẹ Thérèse ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Nígbà tí o bá ka lẹ́tà yìí tán, wàá mọ̀ pé ọpẹ́ náà kì í ṣe ti ẹnu lásán.

Nígbà tí o fi àjákù kúbúsù ránṣẹ́ láti ilé iṣẹ́ yín, o béèrè pé kí ni àgbẹ̀ ọlọ́dùnkún fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ojú ló tì mí tí n ò fi dáhùn. Láti ìgbà ìkórè ni àyà Ozélie ìyàwó mi ò ti dáa. Nọ́ọ̀sì Pinette tó ń wá tọ́jú rẹ̀ fọwọ́ kan ògiri yàrá wa, ó mirí. Bí mo bá sì kó igi kún ààrò, èéfín á tún mú ìyàwó mi wúkọ́. Nọ́ọ̀sì fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: bí yàrá ò bá móoru, kí Claudette ọmọ wa wá gbé ìyá rẹ̀ lọ sí Bangor títí yìnyín á fi yọ́. Èmi ò lè fi màálù sílẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Lucien, ọdún mọ́kànlélógójì la ti jọ wà.

Ozélie ló rántí pé ìyá òun máa ń rán aṣọ nínípọn bo fèrèsé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè lo ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́. Ó wò mí. Mo wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíì dúró síbẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ ni mò ń wò. Wá jókòó."

Bí mo ṣe di télọ̀ lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin nìyẹn. Orí ibùsùn ló wà tó ń pàṣẹ: kúbúsù rẹ ní ìlọ́po méjì, ọ̀rá láàárín kí afẹ́fẹ́ má ráyè, aṣọ olódòdó níwájú. Abẹ́rẹ́ gún mi ní àtàǹpàkò lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí mo kọ́kọ́ rán, gíláàsì nìkan ni mo wọ̀n, mi ò wọn igi tó yí i ká. Nígbà tí mo gbé e kọ́, ó fi ìka mẹ́rin kúrú, afẹ́fẹ́ ń gba ìsàlẹ̀ wọlé bí àna tí a ránṣẹ́ pè.

"Baba Claudette, ṣòkòtò péńpé lo rán fún fèrèsé!"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Láti oṣù kẹsàn-án n ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Díẹ̀ ló kù kí n mọ̀ọ́mọ̀ rán òmíràn kúrú.

Normand Cyr, aládùúgbò wa, wá yà kí wa, ó bá mi tí mo fi ẹnu há pínnì. "Ìyá Télọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ bá mi rán búláúsì kan!" Kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ti gbọ́. Mo gbé e mì. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó padà wá, ó kó ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà lọ́wọ́, ó ní kí n fi wọ́n sí etí ìsàlẹ̀ kó lè wúwo. Mo dúpẹ́, kò lọ. Ó yọ bébà kan lápò: ìwọ̀n fèrèsé tiẹ̀ ni.

"Ìyàwó mi ló ní kí n béèrè o, kì í ṣe èmi."

Ozélie dáhùn láti yàrá, "Normand, ìyàwó rẹ wà níbí lánàá, kò sọ bẹ́ẹ̀!"

Òtútù tó mú ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Mo ti rán méjì fún un.

Ní Ọjọ́bọ̀, Nọ́ọ̀sì Pinette dé. Ó fọwọ́ kan ògiri, ó dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó tú aṣọ ọrùn, lẹ́yìn náà ó bọ́ kóòtù, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga. Kò bọ́ kóòtù nílé wa rí. Ó béèrè bóyá ploye, àkàrà pẹlẹbẹ tí a jẹ láàárọ̀, ṣì kù. Ó fi oyin jẹ mẹ́ta, ó nu ẹnu, ó ní, "Ìyá, ẹ máa gbé nílé ọkọ yín."

Mo ní mo fẹ́ lọ fún màálù lómi. Nígbà tí mo débẹ̀, mo fi orí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Má sọ fún Thérèse.

Ohun tí wọn ìbá dà nù níbi iṣẹ́ yín ló mú ìyàwó mi dúró tì mí. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí òtútù mọ ilé rẹ.

Bá mi kí Thérèse, kí o kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ozélie ń kí yín. Claudette náà ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Kérésìmesì. Kò ní wá gbé ìyá rẹ̀ lọ mọ́, oúnjẹ ló ń bọ̀ wá jẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń dúpẹ́,
Alcide.