Ohùn Ìyàwó Mi Tó Wà Lórí D

Èmi ni mo pa ohùn ìyàwó mi rẹ́, kì í ṣe àbúrò rẹ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí ọkàn mi tó yí padà, torí pé láti ọjọ́ tí a ti ṣe fìdáù ogójì ọjọ́ rẹ̀, ẹnu mi ò tíì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ò mọ̀ mí, èmi náà ò mọ̀ yín. Ẹ bá mi dá sí i.

Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé girama kan ní Ìfọ́n. Kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlá la ní, gbogbo wọn ló ti darúgbó, Windows tuntun ò lè rìn lórí wọn mọ́. Èmi ni mo fi Linux sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ètò ọ̀fẹ́ tó máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ tó ti gbó tún ta kébékébé. Bí Linux tuntun bá jáde, èmi náà ni mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Ó wọ̀ mí lára débi pé bí mo bá rí kọ̀ǹpútà tó ń wọ́ bí ìgbín, mi ò lè dákẹ́. Àlùfáà Linux ni ìyàwó mi ń pè mí. Á ní, “Àlùfáà Linux, ẹ tún ti gbé wáàsí yín dé. Ẹ má fọwọ́ kan tèmi o.” Kọ̀ǹpútà alágbèéká tirẹ̀ gbó ju ti ilé-ìwé lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti ṣẹ́, rọ́bà irun ló fi dè é. Mi ò fọwọ́ kàn án nígbà tó wà láyé.

Àfi ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe sí i lọ́dún kejì ìgbéyàwó wa. Mo pín inú rẹ̀ sí ilé méjì, C àti D. Mo ní kó má tọ́jú nǹkan gidi sí C láé, torí pé C ni Windows ń gbé, ọjọ́ tí Windows bá dáṣẹ́ sílẹ̀, C á bá a lọ. Mo ní D ni kó máa kó ẹrù rẹ̀ sí, pé D ò ní ṣe nǹkan kan. Ó gbọ́. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu títí ó fi kú.

Àrùn kíndìnrín ló pa á. Lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ, àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ìlobù ní kí àbúrò rẹ̀ máa mú kọ̀ǹpútà náà lọ. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Rọ̀fíà, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Télọ̀ ni ní Òṣogbo, ó fẹ́ máa fi wo àwòrán aṣọ. Kò pẹ́ tó fi gbé e padà wá bá mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà àǹtí mi yìí, bí mo bá tàn án, mo lè gé búláòsì kan, kí n rán an tán, kó tó lajú.” Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ ìsìnkú. Mo ní kó fi sílẹ̀.

Mo kó Documents pamọ́, mo kó àwọn àwòrán, mo kó ohun tó wà lójú Desktop... orí C ni gbogbo wọn. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n kọ “Erase disk and install” sí, ìka mi tẹ̀ ẹ́ bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ nílé-ìwé, níbi tí kò sí ẹrù ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe C nìkan nìyẹn ń pa rẹ́ o. Gbogbo rẹ̀ ni, C, D, ohun gbogbo. Mo mọ̀. Mo ti kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ṣé ìbànújẹ́ ni? Ṣé ìgbéraga ni? Ó pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ fi Linux sí kọ̀ǹpútà yẹn, ẹni tó ń ní kí n má fọwọ́ kàn án kò sì sí mọ́... Ṣé inú mi dùn lọ́jọ́ náà ni? Ẹ̀rù ń bà mí láti dáhùn.

Mo dá kọ̀ǹpútà náà padà fún Rọ̀fíà. Ogójì ọjọ́ pé, ilé kún ní Ìlobù. Àdúrà parí, oúnjẹ parí, ni ìyá wọn bá ní kí Rọ̀fíà gbé kọ̀ǹpútà náà wá. Ó ní ọmọ òun sọ fún òun lórí àìsàn pé òun ti gba ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún un nínú rẹ̀, pé kí wọ́n má tíì ṣí i títí ogójì ọjọ́ á fi pé, kí ìyá òun lè gbọ́ ọ láìdákú. Kò sí ẹni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Màámi, bí gbogbo wa ṣe ń pe ìyá wọn, ti wọ aṣọ funfun, wọ́n jókòó bí ẹni tó ń retí àlejò. Wọ́n ní, “Tíṣà, ẹ ṣí i. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọmọ mi.”

Kí n tó ṣí i ni mo ti mọ̀. Orí D ni. Níbo ni ì bá tún fi í sí? Síbẹ̀ mo ń wá a, mo ń ṣí ibí, mo ń pa ibẹ̀ dé, kí n má bàa gbé ojú sókè. Rọ̀fíà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní òun tẹ nǹkan kan lọ́jọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù, kọ̀ǹpútà bi òun bóyá kó pa á rẹ́, òun sì ní bẹ́ẹ̀ ni. “Ẹ̀gbọ́n, àbí òun ni?” Àwòrán aṣọ ló pa rẹ́. Mo mọ̀ pé àwòrán aṣọ ni. Mo ní, “Ó lè jẹ́ òun.”

Mi ò pariwo, mi ò búra. Àbúrò ìyá wọn kan ní, “Ẹni tí kò mọ̀ ju abẹ́rẹ́ lọ, kí ló ń fi kọ̀ǹpútà ṣe?” Màámi ò tiẹ̀ bínú. Wọ́n wo Rọ̀fíà títí, wọ́n ní, “Ikú pa á lẹ́ẹ̀kan, ìwọ pa á lẹ́ẹ̀kejì.” Kọ̀ǹpútà náà wà lórí itan mi, ó ń gbóná.

Láti ọjọ́ yẹn, Màámi kì í gba omi lọ́wọ́ Rọ̀fíà. Yìgì rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Màámi ní àwọn ò ní jókòó níbẹ̀, pé ẹnu àwọn ò ní ṣàdúrà fún un. Ẹbí ọkọ sì ti ń béèrè pé irú ọmọ wo ni ìyá ń kọ̀ báyìí. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Rọ̀fíà ń gbé mọ́ínmọ́ín eléwé wá fún mi, á kúnlẹ̀, á bẹ̀ mí pé kí n foríjin òun, pé òun gba àǹtí òun lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kejì. Mo sì ń foríjì í. Ẹ tún un kà. Èmi ni mò ń foríjì í. Mo sì ń jẹ mọ́ínmọ́ín náà, torí bí ìyàwó mi ṣe ń sè é ló ṣe ń sè é.

Mo ti gba kọ̀ǹpútà náà padà. Mo lo ètò kan tó máa ń wá ohun tí wọ́n ti pa rẹ́, ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì. Ohun tó rí ti fọ́ wẹ́wẹ́, àfi ẹyọ kan tí kò tó ìṣẹ́jú kan. Ohùn rẹ̀ ni... “Màámi, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má wò ó pé ẹ ò lọ́mọ mọ́ o. Rọ̀fíà ni kí ẹ dì mú. Bí ẹ ṣe ṣàdúrà fún mi lọ́jọ́ yìgì mi, kí ẹ ṣe é fún un, torí pé...” Ó gé síbẹ̀.

Ó wà lórí fláàṣì nínú àpò mi. Ohun tó tún burú ni pé mo ti ń dánra wò. Mo ti mọ bí màá ṣe wọ Ìlobù, tí màá ní mo ti fi ọjọ́ púpọ̀ wá ohun tí Rọ̀fíà bàjẹ́, Ọlọ́run sì bá mi rí díẹ̀. Màámi á gbọ́, wọ́n á fa Rọ̀fíà mọ́ra, yìgì á yẹ, gbogbo ilé á ṣàdúrà fún àna rere. Kò sẹ́ni tó máa béèrè nǹkan kan. Rọ̀fíà nìkan ni yóò máa gbà títí ayé pé òun ló pa ohùn àǹtí òun, yóò sì kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá sì sọ òótọ́, wọ́n á tilẹ̀kùn Ìlobù mọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n ti ń pe orúkọ ìyàwó mi. Ṣé irọ́ tó ń tún ilé ṣe kò tó? Ṣé ẹ̀yin lè gbé e?

Ọ̀la ni Jímọ̀. Rọ̀fíà ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun pẹ̀lú abọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi kó tó dé: nígbà tó bá tún kúnlẹ̀, kí ni kí n wí?