Pèrègún Yín Ló Gba Ọ̀nà Wa Padà

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ọkàn mi lè balẹ̀: ọ̀nà yín ti là padà! Láàárọ̀ yìí ni mo gba ibẹ̀ lọ sọ́jà Kàbbà, ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan ilẹ̀.

Ẹ kò mọ̀ pé wọ́n ti dí i. Ní ọdún kejì lẹ́yìn ìsìnkú yín ni ọkùnrin kan ní apá òkè, níbi tí àwọn ọ̀gá ìjọba àti àwọn olówó kọ́lé sí, mọ odi dábùú ọ̀nà náà. Ó jọ pé rírí àwa ará ìsàlẹ̀ ń ba àdúgbò wọn jẹ́. Láti ìgbà náà, a ní láti yí ìlú po ká tó dé ọjà tàbí ilé ìwòsàn. Màmá tí orókún ń dùn máa ń sinmi lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó dé.

Èyí tó tilẹ̀ dùn mí jù ni pé ìkíni tán. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi “Okun o,” ìkíni ilẹ̀ wa, kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá, ìbáà jẹ́ ọ̀gá tó ń lọ sí ọ́fíìsì, ìbáà jẹ́ ẹni tó ru igi? Ọ̀nà tóóró ni. Ẹni méjì tó bá pàdé níbẹ̀ gbọ́dọ̀ yà fún ara wọn. Nígbà tí odi dé, ọmọ òkè kò mọ ọmọ ìsàlẹ̀ mọ́.

A gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Ọkùnrin yẹn ta kú pé kò sí ọ̀nà níbẹ̀ rí, àwa kò sì ní ìwé kankan lọ́wọ́. Ó ti ń sú mi kí n tó rántí pèrègún yín.

Bàbá, ẹ dárí jì mí. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, ojú máa ń tì mí bí ẹ bá ń fi àdá tún pèrègún tí ẹ gbìn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà náà ṣe. Bí mo bá wà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ yín. Kí ló dé tí n kò bá yín mú àdá náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo?

Wọ́n ti gé pèrègún náà mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n ń mọ odi, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló tún hù. Mo ní kí ìjọba ìbílẹ̀ rán awọnlẹ̀ wá wò ó. Ó dé, ó bá ìlà pèrègún méjì tó gùn gbọnrangandan dé ìdí odi, tó sì tún yọ lẹ́yìn odi. Ó na okùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ̀ pé èèyàn ló ń gbin pèrègún sí ààlà? Ìjọba ìbílẹ̀ wó odi náà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo jó, Bàbá! Màmá náà jó, t’orókún t’orókún.

Láàárọ̀ yìí, mo pàdé ìyàwó ọkùnrin tó mọ odi náà láàárín ọ̀nà. Inú ṣì ń bí mi, mo fẹ́ dákẹ́ kọjá. Ó yà fún mi, ó sì ṣáájú mi kí mi: “Okun o.” Mo dá a lóhùn sókè bíi tiyín. Ṣé ẹ gbọ́ ọ?

Lọ́la, màá mú àdá yín, màá sì lọ tún pèrègún ṣe lójú gbogbo ayé.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò ní ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ yín mọ́ láé.